Ẹjọ́ Cyprian ní Carthage: bíṣọ́ọ̀bù tó sá ní ọdún 250, tí kò sá mọ́ ní ọdún 258

Ẹjọ́ tí gómìnà Róòmù dá fún Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 258, kò gùn rárá. Èèyàn lè ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tán kí omi ẹ̀bà tó hó. Gómìnà béèrè, ẹlẹ́jọ́ dáhùn, wọ́n ka ìdájọ́ ikú látinú wàláà, ó parí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ni ẹjọ́ náà fi ń bọ̀ lọ́nà, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn kò lè mọ irú ẹni tó dúró níwájú gómìnà lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè màmá àgbà kan ní kíláàsì Bíbélì wa ló mú mi kọ èyí. A ti ka ikú Cyprian tán, gbogbo ilé pa lọ́lọ́, ni màmá bá ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ọkùnrin yìí kan náà lẹ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ó sá fi ìjọ sílẹ̀?" Òun kan náà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi jókòó ti àwọn lẹ́tà rẹ̀ tó lé ní 50, tí mo kà wọ́n pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ àti ìtàn ayé rẹ̀ tí Pontius kọ. Díákónì rẹ̀ ni Pontius, wọ́n jọ lọ sí ìgbèkùn ni.

Etíkun àríwá Áfíríkà ni Carthage wà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni Cyprian níbẹ̀, ọlọ́rọ̀ ni, àwọn ńláńlá ìlú sì mọ̀ ọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 246, àlùfáà àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Caecilianus mú un wá sínú ìgbàgbọ́. Ó ta nínú ohun ìní rẹ̀, ó fi bọ́ àwọn aláìní. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìjọ fi ní òun làwọn fẹ́ ní bíṣọ́ọ̀bù. Inú àwọn àlùfáà márùn-ún kan kò dùn sí i. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi ìrìbọmi lánàá, òun ló wá di olórí wọn lónìí. Wọn ò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ṣì máa padà wá sínú ìtàn yìí.

Nígbà tí ọdún 249 ń parí lọ, Decius di Késárì, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo ará ilẹ̀ ọba rúbọ sí àwọn òrìṣà. Ẹni tó bá ti rúbọ, ìgbìmọ̀ àdúgbò á fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tó lé ní 40 ni wọ́n ti wú jáde nínú ilẹ̀ Íjíbítì, ọ̀rọ̀ inú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: èmi lágbájá, ọmọ lágbájá, ará abúlé báyìí, mo ti ń rúbọ sí àwọn òrìṣà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, nísinsìnyí, níṣojú yín, mo ti ta ohun mímu sílẹ̀, mo ti rúbọ, mo ti tọ́ ẹran ẹbọ wò, mo bẹ̀ yín, ẹ fọwọ́ sí i fún mi. Ìwé pélébé kan ni. Ẹ̀mí èèyàn sì rọ̀ mọ́ ọn.

Fabian, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, kú nínú inúnibíni náà ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 250. Ní Carthage, ariwo ta ní pápá ìṣeré: kí wọ́n gbé Cyprian fún kìnnìún! Ìjọba lẹ ìkéde mọ́gboro pé ẹnikẹ́ni tí ohun ìní Caecilius Cyprianus, bíṣọ́ọ̀bù àwọn Kristẹni, bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹni náà mú. Ó ti fi ìlú sílẹ̀.

Àwọn àlùfáà Róòmù, tí bíṣọ́ọ̀bù tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kọ lẹ́tà sí àwọn àlùfáà Carthage. Nínú rẹ̀ wọ́n ní àwọn gbọ́ pé bíṣọ́ọ̀bù yín ti yẹra, wọ́n sì tẹ̀ síwájú láti sọ̀rọ̀ alágbàṣe tó rí ìkookò tó ń bọ̀ tó fi àgùntàn sílẹ̀. Ta ni kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí? Lẹ́tà náà bọ́ sọ́wọ́ Cyprian fúnra rẹ̀. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lórí rẹ̀, kò sì sí orúkọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ó dá a padà sí Róòmù, ó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá àwọn ni wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àti ìwé náà pàápàá, ń kọ òun lóminú. Bí àgbà ṣe ń dáhùn ìwọ̀sí nìyẹn. Kò sọ pé wọ́n bú òun. Ó ní kí wọ́n wá jẹ́wọ́ pé àwọn làwọn bú òun.

Lẹ́yìn náà ó kọ àlàyé ránṣẹ́. Ó ní nígbà tí ariwo kọ́kọ́ sọ, tí àwọn èrò ń fi ipá pariwo orúkọ òun lemọ́lemọ́, kì í ṣe ẹ̀mí òun lòun ń rò bí kò ṣe àlàáfíà àwọn ará, kí wíwà òun láàárín wọn má bàa dá kún rúkèrúdò tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ara òun ni kò sí níbẹ̀, ọkàn òun àti iṣẹ́ òun ò kúrò. Ó sì fi ẹ̀dà lẹ́tà 13 tó ti kọ láti ibi ìfarapamọ́ há a pé kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Mo ka àwọn lẹ́tà náà. Ó ń pàṣẹ kí wọ́n tọ́jú àwọn opó, àwọn aláìsàn, àwọn àjèjì tí kò ní lọ́wọ́. Owó tirẹ̀ tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àlùfáà kan ló ní kí wọ́n máa ná, nígbà tó sì rò pé ó ti tán, ó fi òmíràn ránṣẹ́.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ. Jésù fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé bí wọ́n bá ṣe inúnibíni sí yín ní ìlú kan, ẹ sá lọ sí òmíràn. Nítorí náà mo gba Cyprian gbọ́. Síbẹ̀ n kò ní bo ohun tó dùn mí níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọlọ́rọ̀ ló rí ibi sá sí. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, Mappalicus kú sábẹ́ ìyà ní Carthage kan náà; ó ti sọ lójú gómìnà lánàá pé, "Lọ́la ni wàá rí ìjàkadì." Àwọn mìíràn kú sínú ẹ̀wọ̀n, ebi àti òùngbẹ ló pa wọ́n. Ẹni tó bá jáde láàyè nínú irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀, tó gbọ́ pé bíṣọ́ọ̀bù òun ń kọ lẹ́tà láti ibi ààbò, bó bá bínú, ó ní ìdí. Mo rò pé Cyprian pàápàá mọ̀, nítorí bó ṣe ń yin Mappalicus nínú lẹ́tà rẹ̀, bí ẹni tó jẹ gbèsè ni.

Ohun tó bá a ní ìdojúkọ jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣubú. Wọ́n pọ̀ lọ jàra. Ó ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń sáré lọ sí gbàgede ìlú fúnra wọn láìdúró kí wọ́n mú wọn. Ilẹ̀ ń ṣú, àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n padà wá lọ́la, wọ́n ń bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má jẹ́ kó di ọ̀la. Àwọn òbí gbé ọmọ ọwọ́ dání lọ. Àwọn mìíràn kò rúbọ rárá, owó ni wọ́n san, wọ́n ra ìwé-ẹ̀rí. Nígbà tí ìjì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, gbogbo wọn fẹ́ padà sídìí tábìlì Olúwa. Àwọn tó jìyà nínú ẹ̀wọ̀n tí wọn ò sẹ́ Kristi wá ń kọ ìwé àlàáfíà fún wọn: ẹ gba lágbájá àti àwọn ará ilé rẹ̀. Cyprian ní irú ìwé wo nìyẹn, tí èèyàn 20 tàbí 30 lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé pé ará ilé làwọn? Ó ní kí wọ́n ní sùúrù kí òun dé, kí ìjọ jókòó lé e lórí. Ibẹ̀ ni àwọn àlùfáà tí inú ń bí láti ọjọ́ yìí ti rí àyè wọlé. Wọ́n ń fún àwọn tó ṣubú ní oúnjẹ Olúwa, wọ́n sì ń bi ìjọ léèrè pé ẹni tó sá, kí ló lẹ́nu láti fi ká èèyàn lọ́wọ́ kò.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde 251 ló tó padà sílé. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pàdé, wọ́n pín ọ̀rọ̀ náà: àwọn tó ra ìwé lásán, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì gbà wọ́n, àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn rúbọ, kí wọ́n máa ronú pìwà dà, kí wọ́n gbà wọ́n bí wọ́n bá wà lórí ibùsùn ikú. Ó le. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn náà, nígbà tí ìbẹ̀rù inúnibíni mìíràn dé, Cyprian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba gbogbo àwọn tó ti ń ronú pìwà dà padà. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé èèyàn kì í ké sí ọmọ ogun láti jà kó tún ràn án lọ láìní ohun ìjà. Ẹni tó mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ ló lè ronú bẹ́ẹ̀.

Àjàkálẹ̀ àrùn tún gba ilẹ̀ ọba nígbà yẹn, tó le débi pé orúkọ Cyprian ni àwọn òpìtàn fi ń pè é títí dòní. Ó ṣètò kí ìjọ tọ́jú aláìsàn, ó sì ní kí wọ́n má yọ àwọn kèfèrí sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn ajínigbé kó àwọn ará lọ ní Numidia, ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Carthage, ìjọ Carthage dá 100,000 sesterce, owó Róòmù, láti rà wọ́n padà. Òun àti Stephen bíṣọ́ọ̀bù Róòmù bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ìrìbọmi àwọn aládàámọ̀ gan-an, ìbò bíṣọ́ọ̀bù 87 ló sì tì í lẹ́yìn ní ìpàdé ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 256. Ìyẹn tó ìtàn lọ́tọ̀.

Ọdún 257 ni Késárì Valerian bẹ̀rẹ̀ inúnibíni tirẹ̀. Àwọn olórí ìjọ ni òun kọjú sí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, gómìnà Aspasius Paternus pe Cyprian sí yàrá ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ ní Carthage. Ó ní àwọn Késárì kọ̀wé sí òun pé kí àwọn tí kì í ṣe ẹ̀sìn Róòmù máa ṣe ààtò ìsìn Róòmù. Kí ni ìwọ wí?

Cyprian ní: "Kristẹni ni mí, bíṣọ́ọ̀bù sì ni mí. N kò mọ ọlọ́run mìíràn àfi Ọlọ́run òtítọ́ kan ṣoṣo tó dá ọ̀run àti ayé, òkun àti ohun gbogbo tó wà nínú wọn. Òun là ń sìn. Òun là ń gbàdúrà sí tọ̀sán tòru fún ara wa, fún gbogbo èèyàn, àti fún àlàáfíà àwọn Késárì fúnra wọn."

Gómìnà ní ṣé ó ti dúró lórí ìpinnu yìí. Ó ní ìpinnu rere tó ti mọ Ọlọ́run kò ṣeé yí padà. Gómìnà ní ṣé yóò lè lọ sí ìgbèkùn ní Curubis. Ó ní òun ń lọ.

Gómìnà ò tíì ṣe tán. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n kọ sí òun, àwọn àlùfáà náà wà níbẹ̀. Àwọn wo ni àlùfáà ní ìlú yìí? Ẹ wo ìdáhùn: "Ẹ̀yin fúnra yín ti fi òfin yín ṣe é pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ olófòófó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà n kò lè tú wọn fó. Ẹ ó rí wọn ní ìlú tí kálukú wọn wà." Gómìnà ní níbí, lónìí, lòun ti ń béèrè. Cyprian ní ẹ̀kọ́ àwọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ikú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá wọn ẹ ó rí wọn.

Lára àwọn àlùfáà tí orúkọ wọn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó pè é ní ojo ní 250 ṣì wà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sì ni mo fi dá màmá lóhùn nígbà tí a tún pàdé. Kì í ṣe àwáwí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún ara rẹ̀. Ohun tó ti di mú láti 250 ni: Kristẹni kì í wá ikú lọ, bí ikú bá sì wá a dé ibi tó yẹ kó wà, kì í sẹ́.

Curubis, tó ń jẹ́ Korba báyìí, wà létí òkun. Òru àkọ́kọ́ tó sùn níbẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 257, ó lálàá pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga fíofío mú òun dé iwájú gómìnà. Gómìnà kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń kọ nǹkan sínú wàláà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró sẹ́yìn gómìnà, ó ń ka ohun tó ń kọ, ó wá na ọwọ́ rẹ̀ gbọọrọ, ó fi júwe bí idà ṣe ń gé ọrùn. Cyprian bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ kan péré kí òun fi to ọ̀rọ̀ òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún fi ìka ṣe àmì pé wọ́n ti gbà. Pontius ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ìgbèkùn ni ó ti ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Numidia tí wọ́n rán lọ sí ibi ìwakùsà, tí wọ́n fá irun wọn sí apá kan, tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, gómìnà tuntun, Galerius Maximus, ní kó padà wá máa gbé inú ọgbà tirẹ̀ ní Carthage. Ibẹ̀ ni ìròyìn Róòmù ti bá a: Valerian ti kọ àṣẹ mìíràn, kí wọ́n pa bíṣọ́ọ̀bù, àlùfáà àti díákónì láìjáfara. Wọ́n ti pa Sixtus, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, pẹ̀lú díákónì mẹ́rin ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 258.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ èèyàn ńlá wá bá a pé kó sá, àwọn ní ibi tí wọ́n á fi í sí. Ó kọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ pé gómìnà, tó wà ní ìlú Utica, ti ní kí wọ́n wá mú òun wá síbẹ̀. Ó wá fara pamọ́!

Ó kọ lẹ́tà rẹ̀ tó kẹ́yìn sí ìjọ láti ṣàlàyé. Ó ní ìlú tí bíṣọ́ọ̀bù ti ń ṣe olórí ìjọ Olúwa ló yẹ kó ti jẹ́wọ́ Olúwa, níṣojú àwọn èèyàn rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu bíṣọ́ọ̀bù ní wákàtí yẹn, gbogbo ìjọ ló jọ sọ ọ́. Bí wọ́n bá pa òun ní Utica, ohun tó jẹ́ ti Carthage ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Nígbà tí gómìnà bá padà dé, òun náà á jáde. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Gómìnà dé, Cyprian padà sínú ọgbà rẹ̀, ó jókòó. Ìdí tó fi sá ní 250 náà ló fi sá kí wọ́n má bàa mú un lọ sí Utica, òun náà ló sì fi jókòó sínú ọgbà: ibi tó máa ṣe àwọn èèyàn rẹ̀ ní àǹfààní ló ń wò.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, òṣìṣẹ́ gómìnà méjì dé lójijì, wọ́n gbé e sáàárín ara wọn nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọ́n gbé e lọ sí oko Sextus lẹ́yìn ìlú, níbi tí gómìnà ti ń tọ́jú ara rẹ̀ tí kò dá. Gómìnà ní ó di ọ̀la. Ilé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ni wọ́n fi í sùn, ní àdúgbò Saturn. Ìròyìn ti tàn, gbogbo ìjọ jáde, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé náà mọ́jú. Cyprian ránṣẹ́ pé kí wọ́n mójú tó àwọn ọmọbìnrin tó wà láàárín èrò, nítorí òru ni. Ọ̀rọ̀ yìí kéré nínú àkọsílẹ̀, ìlà kan péré ni, ṣùgbọ́n mi ò lè kà á kí ojú mi má ṣomi. Ọ̀la ni wọ́n máa bẹ́ ẹ lórí.

Ilẹ̀ mọ́, oòrùn mú. Nígbà tó fi rìn débẹ̀, òógùn ti wẹ̀ ẹ́. Ọmọ ogun kan tó ti jẹ́ Kristẹni rí ní kó jẹ́ kí àwọn pààrọ̀ aṣọ, kó gba èyí tó gbẹ. Cyprian ní ìnira tó ṣeé ṣe kó tán lónìí, kí la fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí?

Gómìnà ní: "Ṣé ìwọ ni Thascius Cyprianus?"

"Èmi ni."

"Ìwọ lo sọ ara rẹ di bàbá fún àwọn aláìmọ òrìṣà yìí?"

"Èmi ni."

"Àwọn Késárì ọlọ́wọ̀ ti pàṣẹ pé kí o rúbọ."

"N kò ní ṣe é."

"Ro ara rẹ wò."

"Ẹ ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ tó báyìí kò ní ìrònú nínú."

Gómìnà bá ìgbìmọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Agbára káká ló fi ka ẹ̀sùn náà nítorí àìsàn tó wà lára rẹ̀: pé ọjọ́ ti pẹ́ tí Cyprian ti ń kó èèyàn jọ lòdì sí àwọn òrìṣà Róòmù, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa fi fìdí òfin múlẹ̀. Ó wá ka ìdájọ́: kí a fi idà pa Thascius Cyprianus. Cyprian ní: "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Àwọn èrò ké pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn bá a kú.

Igi pọ̀ lẹ́yìn ilé náà, àwọn èèyàn gun orí wọn kí wọ́n lè rí i. Cyprian bọ́ agbádá òkè, ó kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ó bọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, ó gbé e fún àwọn díákónì, ó wá ku òun àti aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun. Nígbà tí tẹ̀tú dé, ó ní kí àwọn èèyàn òun fún un ní owó wúrà 25. Àwọn ará ń ju aṣọ ìnujú àti aṣọ ọ̀gbọ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ojú, ṣùgbọ́n kò lè di aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àlùfáà Julianus àti igbákejì díákónì tí òun náà ń jẹ́ Julianus ló bá a dì í. Pontius ní ìka tẹ̀tú ń gbọ̀n lára idà.

Kò pé ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà tí àìsàn gómìnà pa á.

Wọ́n tẹ́ òkú Cyprian sí tòsí ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lóru, àwọn ará tan àbẹ́là àti ògùṣọ̀, wọ́n fi àdúrà àti ayọ̀ gbé e gba ọ̀nà Mappalia lọ sí ibi ìsìnkú Macrobius Candidianus, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn adágún ẹja, ní Carthage.